Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀sà Kútọnu?

Ọ̀rọ̀ omi la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti omíyalé tí gbogbo wa máa ń pariwo lé lórí tí oṣù kẹfà bá ti dé, bí kò ṣe ti iyọ̀ tó wà nínú omi. Omíyalé máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde síta, tẹlifíṣọ̀n á wá yà á, ọ̀gá ńlá á wọ bàtà rọ́bà wá kí wa. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ìsàlẹ̀ omi àti abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà wọlé, ojú kì í rí i, àfi ahọ́n tó bá tọ́ ọ wò.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí ni pé ohùn méjì ló máa ń jáde nígbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ ọ̀sà ní ìlú wa. Ohùn kìíní ní: «Kí ìjọba tún ẹnu ọ̀sà gbẹ́, kó jìn, kó fẹ̀, kí omi rí ibi gbà lọ sínú òkun.» Ohùn kejì ní: «Kí wọ́n dí i, kí omi òkun má wọlé bà wá lóko àti ilé jẹ́ mọ́.» Àwa kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú méjèèjì. Èrò tiwa ni pé iyọ̀ ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọ̀sà wa, bí òjò ṣe ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹnu ọ̀sà yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa iye iyọ̀ tó máa wọlé, oṣù tó máa wọlé, àti ẹni tó máa jìyà rẹ̀. Wọ́n máa ń bá wa sọ̀rọ̀ iye mílíọ̀nù tí iṣẹ́ máa ná wọn. Ti iye iyọ̀ kì í sábà dé etí wa.

Ẹ jẹ́ kí á wo omi náà fúnra rẹ̀. Adágún Nokoué fẹ̀ tó nǹkan bí 150 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibi ló wà níbẹ̀ tí omi kò ju àyà àgbàlagbà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń rìn. Odò Wémè, tí ìwé Faransé ń kọ ní Ouémé, ló ń bọ́ sínú rẹ̀, òun àti odò Sô. Wémè ni odò tó gùn jù lọ ní Benin, ó fi díẹ̀ lé ní 500 kìlómítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé omi àjèjì ni. Agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ló gbà kọjá, odò Ọ̀pàrá tó wà lára ààlà àwa àti Nàìjíríà sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sí oko àwọn bàbá wa lókè lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ ló ń wá wọ pálọ̀ ẹni tó ń gbé Kútọnu ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá.

Ọ̀nà méjì ni omi Nokoué fi ń jáde. Ìkan ni ipa omi tó la àárín Kútọnu kọjá, tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin àbọ̀, èyí tí a fi afárá mẹ́ta dá lójú, tí ọjà Dantokpa sì jókòó sí etí rẹ̀. Ìkejì ni Totchè, tó ń lọ sí ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí omi á sì máa bá a lọ títí dé Àgbádárìgì àti Èkó. Ọ̀nà kejì yìí ló dàgbà jù. Ìkíní, àwọn Faransé ló gbẹ́ ẹ ní ọdún 1885, kí omi tó ń bo ìlú lè rí ibi jáde. Ṣáájú ìgbà náà, omi wa máa ń rin ìrìn jíjìn lọ sí ìlà oòrùn kó tó rí òkun. Àwọn tó gbọ́ èdè Fọ̀n sábà máa ń túmọ̀ orúkọ ìlú wa sí ẹnu ọ̀sà ikú. Orúkọ náà ti wà kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ àwọn Faransé ni wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹnu ọ̀sà yẹn kì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbì òkun máa ń kó iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní gbogbo etíkun wa, iyanrìn yẹn a sì máa dí ẹnu náà nígbà tí omi odò bá ti fà. Nígbà tí ọ̀gbàrá bá dé, a tún já a. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn: òkun ń tì í, odò ń ṣí i. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá ti Kútọnu, tí wọ́n sì to òkúta ńláńlá wọ inú òkun. Òkúta yẹn dá iyanrìn dúró sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá ìlà oòrùn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Akpakpa: òkun jẹ ilẹ̀, ó jẹ ilé, ó jẹ títì. Ohun tí a kì í sọ ni pé ìyà iyanrìn yìí kan náà ló mú kí ẹnu ọ̀sà wà ní ṣíṣí lọ́dọọdún, tí omi òkun sì ń wọlé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èbúté náà ń bọ́ wa, a ò ní kí wọ́n wó o. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí etí òkun ló yí iyọ̀ inú ọ̀sà padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti pinnu pé kó yí padà.

Báyìí ni ọdún omi wa ṣe ń lọ. Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹrin, odò fà, òkun sì lágbára. Bí òkun bá ti kún, omi rẹ̀ á gba abẹ́ afárá wọlé. Omi iyọ̀ wúwo ju omi tí kò níyọ̀ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà, bí olè tó ń rákò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó 35 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, omi apá ibi tó sún mọ́ Kútọnu nínú Nokoué kì í jìnnà sí iye yẹn mọ́. Ó wá di oṣù kẹsàn-án, omi òkè dé, ó gbá gbogbo iyọ̀ jáde. Títí dé oṣù kọkànlá, ẹ lè wa ọkọ̀ káàkiri Nokoué láìrí omi tó ní iyọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Adágún kan náà ni o. Ìdajì ọdún, ó dà bí òkun. Ìdajì ọdún, ó dà bí odò.

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé, àwòrán tí wọ́n fi kọ́ wa nípa ìrìn àjò omi ní òkè tó ní yìnyín funfun lórí. Yìnyín! A há a sórí, a sì gba máàkì rere. Kò sí àwòrán ọ̀sà kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òórùn ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì.

Ìyípadà lọ́dọọdún yìí ló ń bọ́ ènìyàn. Edé tí àwọn ìyá wa ń rà ní Dantokpa, inú òkun ni wọ́n bí i. Ọmọ rẹ̀ á bá omi iyọ̀ wọ inú ọ̀sà, á jẹun níbẹ̀, á dàgbà, á sì padà sínú òkun láti lọ bímọ. Bí a bá dí ẹnu ọ̀sà pa, a ti dí ọ̀nà edé. Akàn náà nífẹ̀ẹ́ omi oníyọ̀. Epìyà ọ̀sà lè gbé nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n àrọ̀ kò fẹ́ iyọ̀ rárá. Omi òjò ni tirẹ̀. Ní àfonífojì Wémè, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ní ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ àkúrò, tí wọ́n ń pè ní wedo. Nígbà tí odò bá kún, ẹja á bá omi wọ inú ihò. Nígbà tí omi bá fà, ẹja kò lè jáde mọ́, wọ́n á sì kó o bí ẹni kó owó nínú kóló. Lórí ilẹ̀ kan náà tí omi ti fà lọ ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́, nítorí ẹrẹ̀ tí odò fi sílẹ̀ lọ́ràá. Ilẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rí iyọ̀. Iyọ̀ gíráàmù mélòó kan nínú lítà omi kan ti tó láti mú kí ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ gbẹ dànù.

Ewéko orí omi kan tún wà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau, tó ní òdòdó tó dà bí àwọ̀ àlùkò. Ó rẹwà lójú, ọ̀tá ni. Nígbà tí omi kò bá níyọ̀, ó máa ń bo ojú ọ̀sà títí ọkọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Kí ló ń pa á lọ́dọọdún láìná kọ́bọ̀ kan? Iyọ̀ oṣù kìíní àti oṣù kejì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n dí ẹnu ọ̀sà, ẹ rántí ewéko yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó jìn, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín. Kòkòrò kan wà nínú omi òkun, ara rẹ̀ gùn bí ekòlò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbẹ́ ihò sínú igi. Lẹ́yìn tí èbúté mú kí iyọ̀ pọ̀ sí i, kòkòrò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi àkájà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja máa ń gún sínú ọ̀sà kí ẹja lè fi ṣe ilé. Òpó ilé tí àwọn ènìyàn Gánvié àti àwọn abúlé orí omi yòókù ń gbé kò sì yàtọ̀ sí igi lójú rẹ̀. Igi tó bá ti tètè jẹrà, igi mìíràn ni wọ́n máa lọ gé nígbó. Nítorí náà, iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú omi ń pa igbó tó jìnnà sí omi.

Àwọn kan nínú wa á ní: «Ọ̀rọ̀ àwọn Tofin nìyẹn. Oníṣòwò ni àwa Yorùbá Kútọnu, a kì í ṣe apẹja.» A ti gbọ́ ọ rí, lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Ṣùgbọ́n omi wo ni ẹ fi ń se ọbẹ̀? Láti abẹ́ ilẹ̀ Godomey ni SONEB ti ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú omi ẹ̀rọ tí Kútọnu ń mu. Godomey kò sì jìnnà sí Nokoué. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Abomey-Calavi ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará Yunifásítì Notre Dame ti Amẹ́ríkà sì bá wọn ṣe é. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni pé bí ẹ̀rọ bá ń fa omi jáde ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi oníyọ̀ láti inú adágún á máa sún mọ́ àwọn kànga yẹn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kì í ṣe òkun ló ń halẹ̀ mọ́ omi mímu Kútọnu jù lọ, adágún ni. Bí iyọ̀ inú adágún bá sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu inú páìpù wa ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń jíròrò bí ẹnu ọ̀sà ṣe máa jìn tó ń jíròrò omi tí ọmọ rẹ̀ máa mu.

Ti kànga àti fọ́ráàjì inú ọgbà ńkọ́? Ìlú orí iyanrìn ni ìlú wa. Lábẹ́ iyanrìn etí òkun, omi òjò máa ń léfòó lórí omi iyọ̀, bí epo ṣe ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Badon Ghyben ti ilẹ̀ Netherlands àti Herzberg ti Jámánì ti ṣírò rẹ̀: fún mítà kan tí omi dídára bá fi ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí 40 mítà omi dídára ló wà nísàlẹ̀ kí a tó kan omi iyọ̀. Ó dùn mọ́ni, àbí? Ẹ yí i padà wò. Bí a bá fa omi títí ó fi lọ sílẹ̀ ní mítà kan péré, omi iyọ̀ á fẹ́ gòkè ní 40 mítà láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń gbẹ́ fọ́ráàjì tirẹ̀ jìn sí i, tí omi rẹ̀ á sì wá burú ju ti aládùúgbò tó fi kànga kékeré sílẹ̀ lọ. Àwọn ará wa ní Èkó, ní apá Lekki àti Ìkòyí, mọ ohun tí à ń sọ.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti dé bá. Ní Saint-Louis, ní ilẹ̀ Senegal, ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, odò kún, ìlú fẹ́ rì. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà kékeré kan sí àárín iyanrìn tó ya odò sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, kí omi lè sá jáde. Mítà mẹ́rin péré ni wọ́n gbẹ́ ní fífẹ̀. Omi ìlú fà lóòótọ́, gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òkun kò dá owó yẹn padà mọ́. Ọ̀nà náà fẹ̀ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, kí ọdún mẹ́wàá tó pé ó ti ju kìlómítà kan lọ. Iyọ̀ wọ inú oko ẹ̀fọ́, omi kànga bàjẹ́, òkun sì gbá abúlé Doun Baba Dièye lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ohun tí a ṣe níbí ní 1885. Ìyàtọ̀ kan ni pé tiwọn ṣojú wa.

Kí a wá dí i pa ńkọ́? Ilẹ̀ Senegal yẹn kan náà ló tún fún wa ní èsì. Ní ọdún 1986, wọ́n parí ìdídò Diama lórí odò Senegal, kí omi òkun má lè gòkè wá sí oko mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ṣiṣẹ́ gan-an: iyọ̀ kò wọlé mọ́, ìrẹsì hù. Ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀ dúró lọ́dọọdún, koríko gíga tí wọ́n ń pè ní Typha bo etí odò, ìgbín omi pọ̀, àrùn bilharziose sì bẹ́ sílẹ̀ ní Richard-Toll láàrin ọdún mélòó kan péré. Lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ìdídò náà, ní apá ti Mauritania, ilẹ̀ àkúrò tí omi òjò àti omi òkun jọ ń pín lò gbẹ, ó di ilẹ̀ iyọ̀ lásán.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà ló yẹ kí àwa kọ́. Wọ́n dá ọgbà Diawling sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1991, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn omi sí ibi mélòó kan. Ní àsìkò òjò, wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn kí omi odò wọlé bí ó ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á jẹ́ kó fà, kí iyọ̀ náà rí àyè. Ẹja padà, ẹyẹ padà, koríko tí àwọn obìnrin fi ń hun ẹní padà. Kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ṣòro jù níbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé apẹja, darandaran, aláhun-ẹní àti olóko ní láti jókòó pọ̀ kí wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn máa ṣí.

Nítòsí ilé ńkọ́? Ẹ wo odò Mono. Nangbéto wà ní ilẹ̀ Togo, wọ́n parí rẹ̀ ní 1987, iná mànàmáná rẹ̀ sì jẹ́ ti Togo àti Benin lápapọ̀ nípasẹ̀ CEB. Tẹ́lẹ̀, Mono fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á sì wọ inú ọ̀sà Grand-Popo. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ iná ti ń ṣiṣẹ́, omi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún, iyọ̀ sì dín kù nísàlẹ̀. Nínú ọ̀sà wa ní Kútọnu, wọ́n fi iyọ̀ kún un. Nínú ọ̀sà Grand-Popo, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn apẹja ibi méjèèjì ń ké. Èyí ló fi yé wa pé iyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin Djègbadji lẹ́bàá Wídà, tí wọ́n ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń sè é di iyọ̀ funfun tí gbogbo ilé mọ̀. Ọdún tí iyọ̀ kò bá wá lásìkò, ebi ló dé. Bẹ́ẹ̀ ni igi ẹ̀gbà tí ó yí wọn ká náà kò fẹ́ kí omi wà lójú kan.

Kí la wá fẹ́? Àkọ́kọ́, kí wọ́n máa wọn iyọ̀, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n kò ju bíírò ìkọ̀wé lọ púpọ̀, a ń tì í bọ omi, nọ́ńbà á jáde. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lábẹ́ afárá, ní Gánvié, ní ẹnu Totchè àti ní àwọn Aguégués, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní èbúté, ní èdè tí àwọn tó ń gun ọkọ̀ ń sọ. Ìwé àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ìyá tó ń ta ẹja mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá lè ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n yìí, àwa olùkọ́ sì ti ṣetán láti bá wọn ṣe é. Ó sàn ju yìnyín lọ.

Èyí tó tẹ̀lé e le jù. Kò gbọ́dọ̀ sí gbígbẹ́ ẹnu ọ̀sà, fífẹ̀ rẹ̀, tàbí kíkó iyanrìn nínú rẹ̀ fún ilé kíkọ́, láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣírò iyọ̀ tó máa tẹ̀lé e, kí wọ́n sì gbé ìṣirò náà síwájú aráàlú. Ibi tí wọ́n bá jìn, ibẹ̀ ni omi iyọ̀ tó wúwo máa gbà. Ọkọ̀ iyanrìn kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ iyanrìn ojoojúmọ́ fún ogún ọdún ni iṣẹ́ 1885 lẹ́ẹ̀kejì. A mọ̀ pé èyí máa bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń kọ́lé. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí omi lé kúrò nílé ní 2010, nígbà tí ó lé ní 600,000 ènìyàn tí omíyalé kàn ní Benin, náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ẹni tó bá ní kí wọ́n má gbẹ́ ọ̀sà. Ìdáhùn wa sí wọn ni pé odò tó ń kún láti òkè kọ́ ló lé ọ̀pọ̀ wa nílé, bí kò ṣe pé a ta ilẹ̀ irà fún ara wa, a da pàǹtí kún un, a sì kọ́lé sórí rẹ̀. Gbígbẹ́ ẹnu ọ̀sà kò lè fa omi tó wà nínú kòtò tí kò ní ọ̀nà dé ọ̀sà.

Bí ìjọba bá sì fẹ́ fi ìlẹ̀kùn omi sí ẹnu ọ̀sà lọ́jọ́ iwájú, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì ni kó jẹ́, kì í ṣe ògiri. Kí àwọn apẹja Sô-Ava, àwọn àgbẹ̀ Wémè, àwọn oníṣòwò Dantokpa àti SONEB sì jọ wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pinnu oṣù tó máa ṣí. Àwọn ará Àgbádárìgì náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí omi tí a kò bá jẹ́ kó jáde níbí, ọ̀dọ̀ wọn ló máa gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2000 ni Nokoué, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ìsàlẹ̀ Wémè ti wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà káàkiri àgbáyé. Nàìjíríà náà fọwọ́ sí ìwé yẹn. Togo àti Benin ti fi hàn lórí odò Mono pé orílẹ̀-èdè méjì lè jọ tọ́jú omi kan: UNESCO gba agbègbè ìtọ́jú tiwọn méjèèjì wọlé ní 2017. Kí ló dé tí àwa àti Nàìjíríà, tí a ń sọ èdè kan náà ní ẹ̀bá omi kan náà, kò fi tíì ní irú rẹ̀?

Ní báyìí ná, iṣẹ́ kékeré kan wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ewé yìí. Oṣù kẹrin ni iyọ̀ máa ń hàn jù nínú kànga. Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga tàbí fọ́ráàjì ní Kútọnu, Calavi, Godomey, Sèmè, Àjàṣẹ́, títí dé Àgbádárìgì, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yìí fún wa: orúkọ àdúgbò yín (kì í ṣe orúkọ ilé), bí kànga náà ṣe jìn tó, oṣù tí omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀ lẹ́nu, àti bóyá òjò máa ń tún un ṣe. Bí ó bá ti ní iyọ̀ lẹ́nu yín, ó sábà máa ń jẹ́ pé iye tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá 250 mílígíráàmù kúlóráìdì nínú lítà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ahọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀. A máa tò wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ kan, a ó sì gbé e síbí kí oṣù karùn-ún tó parí.